Ìràwọ̀ Iwájú Mẹ̀sí

Mo mọ̀ pé bí púpọ̀ nínú yín bá ti ṣí ojú ewé yìí, ọ̀rọ̀ ọbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́ tàbí ọ̀rọ̀ àárín ọkọ àti aya ni ẹ máa ń retí. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo gbé wá lónìí. Ẹ má ṣe ṣí ewé náà kọjá kí ẹ wí pé ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya kan náà ni. Ó kàn gun mọ́tò wá ni.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Íṣáì, obìnrin kan ní àdúgbò wa wá kan ilẹ̀kùn mi. Ọjà Ojúwòyè ní Mushin ni ó ti ń ta èlò ọbẹ̀, ẹni tí ń jí lọ sí ọjà kí àkùkọ tó kọ ni. Ó jókòó, kò fọwọ́ kan omi tí mo gbé fún un. Ó ní, "Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bàbá àwọn ọmọ mi ti rí Mẹ̀sí kan."

Mo rẹ́rìn-ín, nítorí bí ó ti wí i, ṣe ni ó dàbí ẹni tí ń sọ pé ọkọ òun ti rí ìyàwó tuntun. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé pé tòkunbọ̀ ni mọ́tò náà, dúdú ni, ó ń dán bí bàtà ológun, ṣùgbọ́n owó tí ó wà lọ́wọ́ ọkọ òun kò tó ìdajì iye tí wọ́n ń pè é. Ọkọ wá ní kí ó kó owó àjọ rẹ̀ kún un. Owó yìí, ó ti tó ọdún méjì tí obìnrin yìí ti ń kó o jọ lọ́wọ́ alájọ, ìsọ̀ kejì ni ó sì fẹ́ fi gbà. Ó ní ọkọ òun kì í ṣe òǹrorò, kì í gbọ́wọ́ sókè sí òun, kì í sì í jẹ gbèsè owó ilé ìwé àwọn ọmọ. "Ṣùgbọ́n bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ mọ́tò yìí, Àlàájà, ojú rẹ̀ á máa tàn bí ojú ọmọdé ní ọjọ́ Iléyá. Kí ni ó wà nínú mọ́tò yìí gan-an?"

Èmi náà kò mọ̀. Mo ní kí ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Mo ka ìwé, mo sì bi àwọn àgbà mẹkáníìkì léèrè. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ fún yín, bí mo ti sọ ọ́ fún òun.

Ìlú kan wà ní Jámánì tí ń jẹ́ Mannheim. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Carl Benz. Ó mọ iṣẹ́ irin dunjú, ṣùgbọ́n kò gbọ́n nínú owó. Ní ọdún 1871, òun àti ẹnìkan dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, kò sì pẹ́ tí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò fi wọ̀ mọ́, ilé iṣẹ́ náà fẹ́ wó. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀, Bertha Ringer, ni ó gbà á sílẹ̀. Àṣà àwọn òyìnbó ìgbà náà ni pé bàbá ìyàwó ni ó máa ń kó owó fún ọmọbìnrin rẹ̀ lọ sí ilé ọkọ, kì í ṣe ọkọ ni ó ń san owó orí bí tiwa. Bertha bẹ àwọn òbí rẹ̀ kí wọ́n kó owó náà fún òun ṣáájú ìgbéyàwó. Owó yìí ni Carl fi san ti ẹnìkejì rẹ̀ fún un kí ó lè máa bá tirẹ̀ lọ. Ní ọdún 1872 ni wọ́n tó ṣe ìgbéyàwó.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Kí Bertha tó wọ ilé ọkọ, owó rẹ̀ tirẹ̀ ni, ó lè fi dá òwò sílẹ̀ bí ó ti wù ú. Ní ọjọ́ tí ó di aya, òfin ilẹ̀ Jámánì ìgbà náà gba àṣẹ yìí lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí Carl gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tí ń fi ẹ̀rọ rìn láìsí ẹṣin, ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 1886, ìwé tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 37435, orúkọ Carl nìkan ni ó wà lórí rẹ̀. Ìwé yìí ni púpọ̀ nínú ayé ń pè ní ìwé ìbí mọ́tò. Orúkọ ẹni tí ó ni owó kò sí níbẹ̀.

Àwa obìnrin Mùsùlùmí ti mọ ibi tí a dúró sí lórí èyí láti ohun tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún kan sẹ́yìn. Sàdáàkì obìnrin, ti obìnrin ni. Owó tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá, tirẹ̀ ni, ìbáà wà ní ilé ọkọ, ìbáà má sí níbẹ̀. Bí aya bá fi inú dídùn yọ̀ǹda nínú rẹ̀ fún ọkọ, kí ọkọ jẹ ẹ́, kí ó mu omi sí i. Ẹni tí ó bá ń jiyàn, kí ó ṣí Súrátù Nísáì, kí ó ka àwọn áyà tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo ti gbọ́ tí àwọn ọkùnrin kan ń wí pé owó ìyá ilé, owó bàbá ilé ni. Ibi tí wọ́n ti kà á ni wọn kò fi hàn mí rí.

Carl ṣe mọ́tò tán, oníbàárà kò sí. Àwọn ènìyàn ń wò ó bí ohun ìṣeré, àwọn mìíràn sì ń bẹ̀rù rẹ̀. Carl fúnra rẹ̀ ń tún un ṣe, ń tún un tún ṣe, kò jẹ́ kí ó jìnnà sí ilé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1888, ní kùtùkùtù òwúrọ̀, Bertha kó àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì, Eugen àti Richard, wọ́n gbé mọ́tò náà jáde, kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Ibo ni ó ń lọ? Ó ń lọ kí ìyá rẹ̀ ní ìlú Pforzheim. Ọ̀nà náà tó kìlómítà 106, bí ẹni pé ènìyàn gbéra ní Yábàá tí ó lọ gúnlẹ̀ sí Abẹ́òkúta. Kò sí ẹni tí ó gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ gbọ́ bí ó ti rìn ín. Epo fẹ́ tán lọ́nà, ilé epo kò sì tíì sí ní ayé. Ní ìlú Wiesloch, ó yà sí ilé olóògùn, ó ra omi kan tí wọ́n fi ń yọ àbàwọ́n lára aṣọ, ó dà á sínú mọ́tò, mọ́tò sì gbà á. Ihò tí epo ń gbà kọjá dí. Ó yọ abẹ́rẹ́ gígùn tí ó fi de fìlà mọ́ irun rẹ̀, ó fi tú u. Wáyà kan bó. Ó tú okùn tí ó fi so ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀, ó fi wé e. Bíréèkì onígi bẹ̀rẹ̀ sí jẹ. Ó wá aránbàtà kan lọ, ó ní kí ó kan awọ mọ́ ọn. Ní ibi òkè, àwọn ọmọ á bọ́ sílẹ̀, wọn á máa tì í. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, wọ́n dé ilé ìyá àgbà, Bertha sì tẹ wáyà sí ọkọ rẹ̀ pé àwọn ti dé láyọ̀. Nígbà tí ó padà dé, ó sọ fún Carl pé mọ́tò náà nílò jíà kan sí i fún òkè. Carl sì fi í sí i. Láti ìgbà yẹn ni àwọn ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí gbà pé ohun yìí ń rìn lóòótọ́.

Ọ̀rẹ́ mi ọlọ́jà bi mí pé, "Kò sì lẹ́rù?" Mo ní kí ó rántí ọjọ́ tí òun fi ẹ̀mí òru gun lọ́rì tòmátò wá láti òkè ọya. Ó dákẹ́.

Bertha pẹ́ láyé. Ọdún 1944 ni ó kú, ẹni ọdún 95. Carl fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ nínú ìwé tí ó kọ nípa ayé rẹ̀ pé ní ọjọ́ tí nǹkan le, aya òun nìkan ni ó dúró ti òun.

Benz nìyẹn. Mercedes ńkọ́? Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní àwọn ọdún kan náà tí Carl Benz ń ṣe tirẹ̀, àwọn ọkùnrin méjì mìíràn, Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach, ń ṣe ẹ̀rọ tiwọn ní Cannstatt lẹ́bàá Stuttgart, láìsí àjọṣe kankan láàárín wọn àti Benz. Oníbàárà wọn kan tí ó lówó ni Emil Jellinek, oníṣòwò kan tí ń gbé ní ìlú Nice ní ilẹ̀ Faransé. Ó fẹ́ràn eré sísá mọ́tò, ó sì ní ọmọbìnrin kan tí ó fẹ́ràn ju eré náà lọ, Mercédès. Ní ọdún 1900, ó ní òun yóò ra mọ́tò 36 lẹ́ẹ̀kan náà, bí wọ́n bá lè ṣe èyí tí ó lágbára, tí ó sì balẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kí wọ́n sì sọ ọ́ ní orúkọ ọmọ òun. Ọmọ náà kò ju ẹni ọdún 11 lọ nígbà náà. Èdè Sípáníìṣì ni orúkọ náà ti wá, àánú ni ìtumọ̀ rẹ̀. Bí a bá yí i sí tiwa, ọmọ tí ń jẹ́ Ràmọ́tà ni. Nítorí náà, ẹ̀yin ará mi, gbogbo àwọn olóyè àti ọlọ́lá tí ń fẹ̀yìn ti mọ́tò yìí ya fọ́tò, mọ́tò Ràmọ́tà ni wọ́n fẹ̀yìn tì.

Bàbá ọmọ náà kò sì fi mọ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1903, ó fi orúkọ ọmọ kún ti ara rẹ̀, ó di Jellinek-Mercedes. Èyí kò ní ṣe àjèjì létí yín, ẹ̀yin tí ẹ ń pe ọkọ yín ní Bàbá Kúdírá láti ọjọ́ tí ẹ ti bí Kúdírá. Ọmọ náà fúnra rẹ̀, ayé kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn tó bí orúkọ rẹ̀ ti rọrùn lẹ́nu wa. Ó fẹ́ ọkọ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kú ní Vienna ní ọdún 1929 kí ó tó pé ẹni 40 ọdún.

Ìràwọ̀ iwájú rẹ̀, ọdún 1909 ni wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba. Daimler ti kú nígbà náà. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n rántí pé bàbá àwọn ti fi ìràwọ̀ sàmì sí ilé rẹ̀ lórí káàdì kan tí ó fi ránṣẹ́ sílé. Ẹnu rẹ̀ mẹ́ta dúró fún ilẹ̀, omi àti òfurufú, ibi mẹ́ta tí ẹ̀rọ wọn yóò ti ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1926, nígbà tí ọjà kò tà ní Jámánì lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ilé iṣẹ́ Daimler àti ti Benz pa pọ̀ di ọ̀kan, ìyẹn ni orúkọ fi di Mercedes-Benz.

Kò yẹ kí n fi ohun kan pamọ́ fún yín. Ní àkókò Hitler, ilé iṣẹ́ yìí ṣe mọ́tò fún àwọn aláṣẹ náà, ó sì ṣe ẹ̀rọ ogun. Ní ọdún 1944, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tí ó jẹ́ àwọn tí wọ́n fi ipá mú: ẹrú ogun, àwọn tí wọ́n kó láti ilẹ̀ mìíràn, àti àwọn tí wọ́n kó jáde láti àgọ́ ìjìyà. Ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti jẹ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí yóò bá yin ìràwọ̀, kí ó mọ èyí pẹ̀lú.

Ṣé ohun tí ojú rí nìkan ni ó mú kí mọ́tò náà dára? Rárá o. Ní ọdún 1936 ni wọ́n ti ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ń fi díísù rìn fún títà. Ní ọdún 1959, wọ́n gbé èyí tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe imú àti ìdí rẹ̀ kí ó lè rún mọ́ra bí ó bá forí sọ nǹkan, kí àwọn tí ó wà láàárín má bàa rún. Ní ọdún 1978, wọ́n fi bíréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há sínú rẹ̀, ní ọdún 1981 wọ́n fi àpò afẹ́fẹ́ tí ń yọ síwájú dírẹ́bà. Onítasí kan ní ilẹ̀ Gíríìsì fi ọ̀kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1976 rin kìlómítà mílíọ̀nù 4.6 kí ó tó fi í fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ilé iṣẹ́ náà ní ọdún 2004. Mo ní kí mẹkáníìkì kan ní Ojúẹlẹ́gba bá mi ka iye èyí. Ó ní tiwa kò lè tó bẹ́ẹ̀, kòtò inú ọ̀nà kò ní gbà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí bíréèkì ni ọkọ ọ̀rẹ́ mi kò fi rí oorun sùn. Kí mọ́tò tó dé ilẹ̀ wa, ẹṣin ni ó ń sọ fún ará ìlú pé ẹnìkan ń bọ̀. Nígbà tí owó epo rọ̀bì àti owó Udoji dé láàárín ọdún 1974 sí 1975, Mẹ̀sí gba ipò ẹṣin. Àwọn ènìyàn wa fún un ní oríkì tirẹ̀, Mẹ̀sí ọlọ́yẹ́, nítorí ẹ̀rọ amúlétutù inú rẹ̀: oòrùn ń jó ní títì, ọ̀yẹ́ ń mú ọ̀gá nínú gíláàsì. Lẹ́yìn náà ni àwọn mìíràn dé, èyí tí wọ́n pè ní Baby Benz, èyí tí wọ́n pè ní V-boot, olúkúlùkù pẹ̀lú ìgbà tirẹ̀. Ní ìlà oòrùn Áfíríkà, àwọn tí ń sọ èdè Swahili fi mọ́tò náà sọ odidi ẹ̀yà kan lórúkọ: wabenzi, àwọn ará Benz. Wọn kò fi yìn wọ́n.

Ọ̀kan wà ní Oníkan, ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, tí mo fẹ́ kí ẹ kó àwọn ọmọ yín lọ wò. Dúdú ni. Inú rẹ̀ ni Ọ̀gágun Murtala Muhammed wà ní òwúrọ̀ ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1976, tí ó ń lọ sí ibi iṣẹ́ láìsí ogunlọ́gọ̀ ẹ̀ṣọ́, tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ fi yìnbọn lù ú nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ ní Ìkòyí. Ihò ìbọn wà lára rẹ̀. Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ tí ó gba ipò rẹ̀ ní kí àwọn aláṣẹ rẹ ara wọn sílẹ̀, kí wọ́n fi Mẹ̀sí sílẹ̀ kí wọ́n máa gun Peugeot 504. Nígbà tí ìjọba àwọn olóṣèlú dé ní ọdún 1979, ẹ kò ní bi mí léèrè ohun tí wọ́n gùn.

Ẹ jẹ́ kí n wá mú yín dé Lomé, ní Togo, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi ti tẹ́tí jùlọ. Àwọn obìnrin kan wà ní ọjà ńlá Lomé tí wọ́n ń ta àǹkárá, ojúlówó èyí tí ó ń ti ilẹ̀ àwọn ará Họ́láǹdì wá. Láti àwọn ọdún 1960 ni òwò wọn ti gbilẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò kàwé tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n orí wọn pé. Olúkúlùkù ni ó gba iṣẹ́ ọnà tirẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́, tí ẹlòmíràn kò lè tà láìgba ọwọ́ rẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń sọ aṣọ lórúkọ, orúkọ tí yóò mú kí obìnrin ra á nítorí orogún tàbí nítorí ọkọ. Àwọn ará Nàìjíríà, Ghana, Benin àti ibi tí ó jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ ń wá rà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí owó dé, wọ́n kọ́ ilé, wọ́n rán ọmọ lọ sí òkè òkun, wọ́n sì ra Mẹ̀sí, títí àwọn ènìyàn fi ń pè wọ́n ní Nana Benz. Ìjọba Togo pàápàá, bí àlejò pàtàkì bá ń bọ̀, lọ́dọ̀ àwọn ìyá yìí ni ó ti ń lọ yá mọ́tò tí yóò fi gbé wọn.

Ọ̀rẹ́ mi ní kí n tún un wí. Mo tún un wí. Ìjọba ń yá mọ́tò lọ́wọ́ àwọn aláṣọ.

Nǹkan kò dúró bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n dín owó CFA kù sí ìdajì iye rẹ̀ sí ti Faransé, aṣọ Họ́láǹdì sì di ohun tí ọwọ́ kò tó mọ́. Lẹ́yìn náà ni ayédèrú láti Ṣáínà dé, ó pọ̀ bí eṣú. Ní oṣù kìíní ọdún 2013, iná jó ọjà ńlá náà. Àwọn tí ó gba ipò wọn nísinsìnyí, Nanette ni wọ́n ń pè wọ́n, Nana kékeré. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fojú sí ni ètò tí àwọn ìyá àgbà tẹ̀lé: ọjà ni ó kọ́kọ́ wà, ilé tẹ̀lé e, ilé ìwé tẹ̀lé e, kí mọ́tò tó dé.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìràwọ̀ kan náà yìí ni ó gbé àwa mẹ̀kúnnù Mushin, Yábàá àti Sùúrùlérè fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwa ni a kò mọ̀. Ẹ̀yin àgbà, ẹ rántí mólùé. Lọ́rì Mercedes-Benz 911 ni ẹsẹ̀ àti ẹ̀rọ rẹ̀. Àwọn wẹ́dà tiwa ni wọ́n fi irin kọ́ ilé lé e lórí, wọ́n fi igi ṣe ìjókòó, wọ́n fi ọ̀dà ìyeyè kùn ún, wọ́n sì fa ilà dúdú sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní Emene lẹ́bàá Enugu, ilé iṣẹ́ ANAMMCO, tí ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ará Jámánì fọwọ́ sí ní ọdún 1977, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí to irú àwọn lọ́rì àti bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ yìí pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Mo rántí ohùn kọ̀ndọ́ọ̀tọ̀: "Yábàá! Ojúẹlẹ́gba! Ẹ mú ṣéńjì yín dání o!" Mo rántí bí ìyá mi ti máa ń di èmi mú ní ọwọ́ kan, tí ó di igbá ọjà mú ní ọwọ́ kejì, tí oníwàásù àti olóògùn jẹ̀díjẹ̀dí jọ ń pariwo lé wa lórí. Kò sí ọ̀yẹ́ níbẹ̀. Òórùn ẹja ni ó wà níbẹ̀. Láti ọdún 2008 tí bọ́ọ̀sì BRT ti bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀nà Ìkòròdú, mólùé bẹ̀rẹ̀ sí rọ́ sẹ́yìn, àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò sì mọ̀ ọ́n mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kó iye ọlọ́jà tí 911 ti gbé jọ, tí ẹ kó gbogbo olóyè tí Mẹ̀sí ọlọ́yẹ́ ti gbé síkejì, ẹ mọ ibi tí òṣùwọ̀n yóò tẹ̀ sí.

Ìgbà tí mo sọ ibi dé yìí ni ọ̀rẹ́ mi mi orí. Ó ní, "Àlàájà, ẹ kò tíì sọ bóyá kí n fún un ní owó náà." Mo ní n kò lè sọ, owó rẹ̀ ni. Mo kàn ní kí ó ṣe ohun mẹ́ta: kí ó bi ọkọ rẹ̀ léèrè orúkọ ta ni yóò wà lórí ìwé mọ́tò, kí ó bèèrè ìwé owó ibodè lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á, kí wọ́n sì mú mẹkáníìkì tí kò mọ olùtà rí lọ wò ó, kí owó tó jáde.

Ọkọ rẹ̀ kò bínú. Ní ọjọ́ Sátidé, àwọn mẹ́ta lọ. Mẹkáníìkì náà, àgbà kan tí irun rẹ̀ ti funfun, kò tilẹ̀ wo inú mọ́tò níbi tí ó ti ń dán. Ó dọ̀bálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ mọ́tò yìí kì í ṣe sípíríǹgì bí ti àtijọ́, àpò afẹ́fẹ́ ni, méjì nínú rẹ̀ sì ti ń jò. Wọ́n fi ẹ̀rọ fẹ́ ẹ lówùúrọ̀ ni ó ṣe dìde dúró, bí wọ́n bá padà wá ní ìrọ̀lẹ́ wọn yóò bá a tí ó ti jókòó sílẹ̀ bí ràkúnmí. Ó kó wọn lọ sí ọjà Ládípọ̀ kí wọ́n fetí ara wọn gbọ́ iye tí wọ́n ń ta ẹsẹ̀ náà. Ọkọ gbọ́ iye ti ẹsẹ̀ kan, ó ní kí ẹni náà tún un pè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ iye owó tí àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà yẹ ẹ̀rọ rẹ̀ wò máa ń gbà.

Bọ́ọ̀sì ni wọ́n wọ̀ padà sílé. Ìyàwó ni ó san owó ọkọ̀ àwọn méjèèjì. Ó ní ọkọ òun kò sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi dé Olóòṣà, ìgbà tí yóò lanu, ó ní, "Kí ni orúkọ obìnrin Jámánì yẹn?"

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ó kọjá, mo rí ìsọ̀ kejì náà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kan páànù rẹ̀ ni, ata gbígbẹ ni ó sì fẹ́ máa tà níbẹ̀. Mo pàdé ọkọ rẹ̀ lẹ́nu géètì ní ìrọ̀lẹ́, ó kí mi dáadáa, ó sì sún mọ́ mi bí ẹni tí ó ní àṣírí. Ó ní òun kò tíì jáwọ́ o, ṣùgbọ́n òun ti mọ èyí tí owó òun nìkan yóò ká: V-boot àtijọ́, onísípíríǹgì, tí ara rẹ̀ kò tíì jẹrà. Bí ẹnìkan nínú ẹ̀yin òǹkàwé bá ní ọ̀kan tí ó fẹ́ tà, tí ìwé rẹ̀ sì pé, kí ó kọ lẹ́tà sí wa.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ni mo ṣèlérí.